Akọ̀wé Tí Kì Í Gbàgbé: Frédéric Bruly Bouabré àti Ìdáwà Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tí kò ní ènìyàn, ìhòòhò ni ó wà, ìbáà wọ kóòtù, ìbáà de táì. Nínú àwọn iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn gbé wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ akọ̀wé wà lára èyí tí ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Akọ̀wé wọ aṣọ òyìnbó, ó jókòó nídìí tábìlì, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń bọ́ aṣọ ènìyàn kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kà á kún ara wọn, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì mọ ohun tí ó ń kọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èdè tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìtàn irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kan ni àròkọ yìí yóò yẹ̀ wò. Orúkọ rẹ̀ ni Frédéric Bruly Bouabré. Ọmọ ẹ̀yà Bété ni, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìlú Abidjan ni ó gbé di arúgbó, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014. Ayàwòrán ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ayàwòrán, akọ̀wé ni, láti ìdí iṣẹ́ akọ̀wé náà ni ó sì ti ṣẹ̀dá ọ̀nà ìkọ̀wé kan fún èdè abínibí rẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn rẹ̀ gbé ka iwájú olùkọ́ èdè àti onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í ṣe kékeré. Ǹjẹ́ ìwé kíkọ lè mú ènìyàn kúrò nínú ìdáwà? Bí ó bá lè ṣe é, kí ni akọ̀wé tún gbọ́dọ̀ ní lẹ́yìn kálàmù àti bébà?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1902 ni Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, ti jẹ́ olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde, ibẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ ń wọlé sí. Ìlànà ẹ̀kọ́ Faransé kò fi àyè sílẹ̀ fún èdè ilẹ̀ Áfíríkà nínú ilé-ìwé ìjọba. Èdè Faransé ni ọmọ ń bá pàdé lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, òun náà ni ó sì máa fi jáde. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn ìjọ Kristẹni ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìwé láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìwé ìròyìn sì ti ń jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859. Nítorí náà, akọ̀wé tí ó wà ní Èkó lè kọ lẹ́tà sí ilé ní èdè tí ará ilé gbọ́, kí ọmọ ilé-ìwé kan sì kà á sí etí ìyá arúgbó. Akọ̀wé tí ó ti inú igbó Côte d'Ivoire dé Dakar kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ilé, èdè ọ̀gá rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́, ẹni tí ó bá gbà á nílé yóò sì máa wá ògbufọ̀. Ìdáwà akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kọjá jíjìnnà sí ilé. Ìdáwà inú èdè ni.

Mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà yìí kọjá ni wọ́n di ẹni ńlá lẹ́yìn ọ̀la, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi Abidjan ṣe ibùgbé ìkẹyìn. Èkíní ni Amadou Hampâté Bâ, ọmọ Fúlàní láti Bandiagara ní ilẹ̀ Mali. Ó ṣe akọ̀wé ìjọba ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Burkina Faso lónìí, kí Théodore Monod tó mú un wọ ilé ìwádìí IFAN ní Dakar ní ọdún 1942. Ó dé Abidjan ní ọdún 1962 gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Mali, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1991. Èkejì ni Bernard Dadié, tí a bí ní Assinie ní ọdún 1916. Ó ṣiṣẹ́ ní Dakar láti ọdún 1936 títí di ọdún 1947, ó padà sí ilé láti dara pọ̀ mọ́ ìjàǹgbara, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam ní ọdún 1949. Ìwé rẹ̀, Climbié, tí ó jáde ní ọdún 1956, jẹ́ ìtàn ọmọ tí ilé-ìwé òyìnbó yà kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ọdún 2019 ni òun kú. Ẹ̀kẹta wọn ni Bouabré. Hampâté Bâ àti Dadié gba ìdáwà inú èdè bí wọ́n ti bá a: ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní èdè abínibí, wọ́n tú u sí Faransé kí ayé lè kà á. Bouabré ní tirẹ̀ bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí èdè Bété kò fi lè dá dúró lórí bébà.

Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Zéprégühé, abúlé kan nítòsí ìlú Daloa, ní àárín gbùngbùn ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire. Ó lọ sí ilé-ìwé òyìnbó ní àkókò tí ọmọ tí ó ń lọ kò pọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Faransé, lẹ́yìn ogun ó di akọ̀wé ní Dakar. Kí a má gbàgbé irú àsìkò tí àsìkò náà jẹ́. Títí di oṣù kẹrin ọdún 1946, nígbà tí òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris fòpin sí i, iṣẹ́ àfipáṣe ṣì wà lọ́rùn àwọn ará oko. Wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin lọ sí oko kòkó àti kọfí àwọn òyìnbó àti sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń là. Akọ̀wé tí ó jókòó lábẹ́ òrùlé mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òun wà nínú oòrùn, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ irú òun ni ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ̀rí-ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ẹrù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1948 ni ohun tí ó yí ayé Bouabré padà ṣẹlẹ̀ sí i ní Dakar. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ títí ó fi dàgbà, ó rí ìran. Ojú ọ̀run ṣí, oòrùn méje tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sì yí oòrùn kan tí ó jẹ́ ìyá wọn po. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gba orúkọ mìíràn, Cheik Nadro, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí kì í gbàgbé. Ó yẹ kí a fi ohun mìíràn tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú náà wé e. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1947 ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ti Abidjan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n àwọn ti Dakar kò padà títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó wà láàrin ìran Bouabré àti òpin ìyanṣẹ́lódì náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn rí ènìyàn fi ṣe aṣọ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: wọ́n jọ fara da ebi, wọ́n sì jọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìran tí ó bá akọ̀wé yìí, òun nìkan ni ó bá. Iṣẹ́ tí ó wá já lé e léjìká ni bí yóò ṣe sọ ohun tí ó rí fún ẹlòmíràn.

Lára ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dá ẹ̀sìn kan sílẹ̀. Orúkọ tí ó fún un ní èdè Faransé ni a lè pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹni Inúnibíni. Orúkọ náà tó fi mọ irú ènìyàn tí ó ń wá: àwọn tí ojú ti pọ́n, tí kò sí ẹni tí ó ka ìyà wọn sí. Ìgbàlà tí ó ń wá fún ara rẹ̀, kò fẹ́ kí ó jẹ́ ti òun nìkan.

Kì í ṣe Bouabré ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìran àti ìwé kíkọ yóò so pọ̀ mọ́ra lọ́wọ́ rẹ̀ ní apá ibí yìí nínú ayé. Ní nǹkan bí ọdún 1833, Momolu Duwalu Bukele sọ pé ojú àlá ni òun ti rí ìpìlẹ̀ àmì ìkọ̀wé Vai ní ilẹ̀ Liberia. Ní ìparí ọ̀rúndún kan náà, Ọba Njoya ti ilẹ̀ Bamum ní Cameroon sọ pé àlá ni ó fún òun ní ìmísí àmì tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, Josiah Oshitelu, ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ, jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé àti katikíìsì ní ìjọ Áńgílíkà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ní ọdún 1925. Ní ọdún 1926 ìjọ náà yọ ọ́ níṣẹ́. Ní àkókò ìdáwà yìí, ó ń kọ orúkọ mímọ́ àti àmì ìkọ̀wé tí ó ní a fi han òun sínú ìwé, ojú-ewé lórí ojú-ewé. Ní ọdún 1930 ó dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè, Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà, tí ó tàn dé Sierra Leone, Liberia, Ghana àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ó so Oshitelu àti Bouabré pọ̀ ju àlá lásán lọ. Òṣìṣẹ́ ìwé ni àwọn méjèèjì, ìwé tí wọ́n sì fi ń jẹun kì í ṣe tiwọn: ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ìjọ fẹ́, èkejì ń da ohun tí ìjọba fẹ́ kọ. Nígbà tí ọkàn wọn gbọgbẹ́, inú ìwé náà ni wọ́n ti wá oògùn. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀run fúnra rẹ̀ ni ó fi àmì ìkọ̀wé lé òun lọ́wọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì, nítorí pé ọ̀gá ọ́fíìsì kọ́ ni ó ni ìwé mọ́.

Ṣùgbọ́n àlá kì í ṣe àkọtọ́. Láàrin ìran ọdún 1948 àti iṣẹ́ tí ó jáde ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, làálàá wà níbẹ̀, làálàá onímọ̀ èdè tí kò ní olùkọ́. Bouabré mú ìmísí nínú àwọn òkúta kékeré kan tí ó wà ní abúlé Békora ní ilẹ̀ Bété, àwọn òkúta tí ó ní ìlà àti ojú oríṣiríṣi lára. Ó gbà pé wọ́n jọ ìwé àtijọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí inú èdè gan-an. Bété jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè Kru, ọ̀rọ̀ onísílébù kan sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bouabré ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ya àwòrán ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, ó sì ń sọ àwòrán náà di àmì fún sílébù yẹn, níbikíbi tí ìró rẹ̀ bá ti jẹ yọ. Bí àwòrán méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀rọ̀ tuntun jáde tí kò ní ohun kankan í ṣe pẹ̀lú ohun tí a yà. Nínú àtẹ tí ó tún yà ní ọdún 1991, àmì náà jẹ́ 449.

Ẹni tí ó bá mọ àrokò ilẹ̀ Yorùbá kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Bí wọ́n bá so ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan, pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. Ìró ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí a bá yọ fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára ẹ̀fà, fà ni ó kù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀jọ, jọ ni ó kù. Ìró ohùn pàápàá kò yẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ ni fà méjèèjì, ohùn àárín sì ni jọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá sábà máa ń ju sílébù kan lọ, fáwẹ̀lì sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni àrokò fi gba ara ọ̀rọ̀-orúkọ dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan. Ohun tí àwọn babaláwo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fi owó ẹyọ ṣe, òun ni akọ̀wé Dakar yìí fi kálàmù ṣe.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fò dá. A kì í fi àrokò ránṣẹ́ sí afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó dì í mọ ẹni tí yóò tú u, ẹni tí yóò tú u sì ti mọ̀ ọ́n tú kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò tú ìwé Bouabré?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kà á dáadáa ni Théodore Monod, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé tí ó jẹ́ olùdarí IFAN, ẹni kan náà tí ó mú Hampâté Bâ kúrò nídìí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ní ọdún 1958 ni Monod tẹ àlàyé nípa ọ̀nà ìkọ̀wé Bété náà jáde nínú ìwé ìròyìn ilé ìwádìí náà. Fún akọ̀wé ìpele ìsàlẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó kí ó sì tẹ́tí sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro nìyí: èdè Faransé ni àlàyé náà fi jáde, inú ìwé àwọn onímọ̀ ni ó sì wà. Àwọn tí Bouabré torí wọn ṣe é wà ní Daloa, ní Gagnoa, ní Issia àti ní Soubré. Àwọn kò sí lára àwọn tí ń ka irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí Abidjan gan-an ní àkókò kan náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù kẹrin ọdún 1949, ọdún kan ó lé oṣù kan lẹ́yìn ìran Bouabré, Solomana Kanté parí iṣẹ́ lórí ọ̀nà ìkọ̀wé N'Ko ní Bingerville, olú-ìlú Côte d'Ivoire kí ìjọba tó kó lọ sí Abidjan ní ọdún 1934. Ọmọ agbègbè Kankan ní Guinea ni Kanté, ó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Inú bí i nígbà tí ó ka ohun tí oníròyìn ọmọ Lẹ́bánọ́ọ̀nù kan kọ pé èdè àwọn aláwọ̀ dúdú kò ṣe é kọ sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú àmì fún ìró ohùn. Orúkọ tí ó fún un, N'Ko, túmọ̀ sí 'mo ní' nínú gbogbo èdè tí ó jẹ mọ́ Manding.

Lónìí, àwọn tí ń ka N'Ko wà ní Guinea, ní Mali àti ní Côte d'Ivoire, àmì náà sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà láti ọdún 2006. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì? Lóòótọ́, lẹ́tà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rọrùn láti há sórí ju àmì 449 lọ, èdè Manding sì jẹ́ èdè ọjà tí ó ti kọjá ẹnu àwọn tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ó kan olùkọ́ èdè ní tààrà. Kanté kò dúró lórí àmì. Ó kọ ìwé lórí gírámà, ó kọ ìtàn, ó kọ nípa oògùn ìbílẹ̀, ó tú Kùránì. Àwọn tí ó kọ́ ń fi ọwọ́ da ìwé wọ̀nyí kọ, wọ́n ń kọ́ ẹlòmíràn, àwọn oníṣòwò sì ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Ẹnìkan tí ó sọ pé 'mo ní' rí ẹlòmíràn tí ó dáhùn pé 'mo gbọ́'. Bouabré gbà pé ọ̀nà ìkọ̀wé òun lè kọ gbogbo èdè ayé sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n lè fi í kọ lẹ́tà sí i kò tó nǹkan.

Kí a wá tẹ̀ lé e dé Abidjan. Ní àkókò tí ó ń dàgbà lọ níbẹ̀, ìlú náà ń di ìlú ọ́fíìsì. Afárá Houphouët-Boigny tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957 so Treichville pọ̀ mọ́ Plateau lórí ọ̀sà Ébrié, ní àràárọ̀ sì ni ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ilé gogoro ń yọ ní Plateau lọ́kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó dín kù nídìí tábìlì, ọmọ ilẹ̀ bọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi ń kọ fáìlì kò yí padà. Ìdáwà akọ̀wé kò bá ìjọba amúnisìn lọ.

Ní àwọn ọdún 1970 ni Bouabré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé padà mọ̀ ọ́n sí. Ó ń gé páálí tí wọ́n fi ń di èròjà irun obìnrin sí wẹ́wẹ́, kí ó tó ìwọ̀n káàdì ìkíni. Ó ń fi báírò àti pẹ́ńsù aláwọ̀ yàwòrán sí àárín rẹ̀, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ yí etí rẹ̀ po. Ẹni tí ó bá mọ ọ́fíìsì yóò mọ irú ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ akọ̀wé ni: káàdì kan fún ọ̀rọ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, tí a fi ọjọ́ sí, tí a sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí àkọsílẹ̀ inú àpótí ìjọba. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí ó wà nínú fáìlì náà. Ó ń ya àmì tí ó rí lára èèpo ọsàn àti lára obì. Ó ń ya ojú ọ̀run. Ó ya ojú ènìyàn pẹ̀lú oríṣiríṣi ilà tí àwọn ẹ̀yà Áfíríkà ń kọ, ó sì pe àtòjọ náà ní mùsíọ́ọ̀mù ojú Áfíríkà. Yorùbá tí ó kọ àbàjà tàbí pélé mọ ohun tí èyí jẹ́: ìwé tí a kọ sára ènìyàn kí ará ilé rẹ̀ má baà sọ ọ́ nù. Ìjọba ti fi ènìyàn kún àkọsílẹ̀ rí kí ó lè gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé yìí ń fi ènìyàn kún àkọsílẹ̀ kí a má baà gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 1989, wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní Paris nínú àfihàn ńlá tí wọ́n pè ní Magiciens de la terre. Láti ibẹ̀ ni òkìkí ti kàn. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà, pè é sí Documenta ní ìlú Kassel ní Jámánì ní ọdún 2002. Ìpàtẹ Venice gbà á ní ọdún 2013. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Museum of Modern Art ní New York ya àfihàn kan sọ́tọ̀ fún un.

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn náà parí sí rere níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wá di ẹni tí gbogbo ayé ń wò. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe kíkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dúró níwájú àmì 449 wọ̀nyẹn rí ẹwà níbẹ̀, wọn kò rí sílébù. Ọ̀rọ̀ tí ó yí etí káàdì rẹ̀ po, èdè Faransé ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí èdè tí ẹni tí ń wò ó lè kà nìyẹn. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó ṣẹ̀dá kí Bété lè bọ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀ tún padà ní ògbufọ̀. Kò sí ẹ̀bi Bouabré nínú èyí. Àmì ni ẹnìkan lè dá ṣe. Àwùjọ tí yóò kà á, ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Ilé-ìwé, ilé ìtẹ̀wé, olùkọ́ àti òbí ni ó ń ṣe èyí.

Síbẹ̀, yóò jẹ́ àìṣòdodo láti sọ pé asán ni làálàá rẹ̀. Ó bọ́ nínú ìdáwà dé ìwọ̀n kan. Ó kúrò ní ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, ó di ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àwọn ènìyàn sì wá jókòó tì í. Ohun tí ó kù láti ṣe nínú iṣẹ́ náà, òun nìkan kọ́ ni ó jẹ gbèsè rẹ̀.

Gbèsè náà kan Yorùbá ní Abidjan pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ sí Côte d'Ivoire ṣòwò, débi tí ènìyàn lè gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà Èjìgbò lónìí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Abidjan ní ohun tí Bouabré kò ní: àkọtọ́ tí àwọn baba ńlá ti jókòó lé lórí, láti iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, títí dé ìpàdé Èkó ọdún 1875. Ní ọdún 1846, Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Èdè tí ó fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni ó ń kọ sílẹ̀ fún ayé kà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Treichville tàbí Adjamé, tí ó kàwé Faransé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, ó lè gbọ́ Yorùbá kí ó má lè kọ ìlà méjì sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Èjìgbò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàrin ìdáwà tirẹ̀ àti ti akọ̀wé Dakar ní ọdún 1948, àfi pé ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀ fún òun, kò sì sí ẹni tí ó fi hàn án.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní bébà, kí ó kọ́ ọ ní lẹ́tà àti àmì ohùn, lẹ́yìn náà kí ó wá ẹnìkan nílé tí yóò gba ìwé náà, tí yóò kà á, tí yóò sì fèsì. Bí ẹni tí yóò fèsì kò bá sí, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni náà.